Ta Ni Kó Tukọ̀? Físíìsì Ọkọ̀ Onígbòkun Ẹlẹ́ni Méjì fún Tọkọtìyàwó

Olóòtú ní kí n kọ ohun tí ọmọ ọdún kìíní lè kà, tí yóò sì rí i pé mómẹ́ńtì kì í ṣe ohun tí a kàn ń há sórí nítorí ìdánwò. Ìbéèrè tí mo mú wá wà nínú ilé wa lọ́wọ́lọ́wọ́. Èmi àti ọkọ mi fẹ́ ra ọkọ̀ onígbòkun ẹlẹ́ni méjì, irú èyí tí wọ́n fi ń díje. Owó tí a kó jọ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù la fẹ́ ná sí i, àwa méjèèjì la sì máa wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà a mú bírò, a ṣe ìṣirò. Ohun tí ìṣirò náà sọ ni mo fẹ́ fi yé yín.

Omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa

Láti ìgbà tí wọ́n ti dá LASU sílẹ̀ ní 1983, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ti lo ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún ní Ọ̀jọ́ láìfi ẹsẹ̀ kan omi. Ìyànà-Ìbà, Okokomaiko àti títì márosẹ̀ Èkó sí Badagry la mọ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ lọ sí èbúté Ọ̀jọ́, ẹ ó rí ọkọ̀ tó ń kó èrò lọ sí Irewe, ẹ ó sì rí apẹja, Àwórì tàbí Ẹ̀gùn, tó fi àpò tí wọ́n rán pọ̀ ṣe ìgbòkun. Ẹ wo irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ láti ẹ̀yìn, apẹja á jókòó jẹ́ẹ́, á fi àjẹ̀ kan ṣoṣo tọ́ ọkọ̀ rẹ̀. Bó bá di pé kó kọjú sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, á ká ìgbòkun nílẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í wa àjẹ̀.

Kí ló fà á? Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń ti ẹ̀gbẹ́ wá, agbára tó bá ìgbòkun pín sí méjì. Èyí tó pọ̀ jù ń ti ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́, èyí tó kéré ń tì í síwájú. Ọkọ̀ apẹja tẹ́ nídìí, nítorí náà omi kò rí nǹkan dì mú, ọkọ̀ á sì máa yọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ọkọ̀ ìdíje ní pátákó kan láàárín tí a ń tì bọ inú omi. Pátákó yìí kọ̀ fún ọkọ̀ láti lọ sí ẹ̀gbẹ́, agbára iwájú nìkan ló ṣẹ́ kù tó lè ṣiṣẹ́. Bí ọkọ̀ ṣe ń gun afẹ́fẹ́ lọ ní wọ́n-ń-kọrọ nìyẹn, tí yóò yà sọ́tùn-ún, tí yóò tún yà sósì, títí tí yóò fi dé ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá.

Ṣùgbọ́n ohun kan tẹ̀ lé e. Afẹ́fẹ́ ń ti òkè, ní ara ìgbòkun. Omi ń ti ìsàlẹ̀, ní ara pátákó. Agbára méjì tó dojú kọ ara wọn ní ibi tó yàtọ̀ síra, ẹ mọ ohun tí a ń pè é: ó fẹ́ yí ọkọ̀ náà dànù. Ohun tó dá a dúró ni ara àwọn ènìyàn tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá. Nínú ọkọ̀ ìdíje kékeré, ẹ̀yin gan-an ni ẹrù tó mú un dọ́gba.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́ rẹ̀

Mo wọn kílò 58, ọkọ mi wọn 82. Àpapọ̀ wa jẹ́ 140. Nọ́ńbà yìí ni ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ẹ tó béèrè iye owó ọkọ̀ èyíkéyìí. Bí ẹ bá fúyẹ́ jù fún ìgbòkun ọkọ̀ kan, ìjì díẹ̀ ló máa gbà á lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá wúwo jù, ọkọ̀ á rì sínú omi ju bó ṣe yẹ lọ, kò sì ní í sáré nígbà tí afẹ́fẹ́ bá rọlẹ̀.

Ẹ má gbàgbé pé agbára afẹ́fẹ́ kì í pọ̀ sí i ní dọ́gbadọ́gba pẹ̀lú eré rẹ̀. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára á di ìlọ́po mẹ́rin. Afẹ́fẹ́ tó kúrò ní kìlómítà 20 ní wákàtí kan tó di 28 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ agbára rẹ̀ di méjì, bẹ́ẹ̀ ẹni tó dúró létí omi lè má rí ìyàtọ̀ kankan. Ní Èkó, afẹ́fẹ́ láti òkun máa ń lágbára sí i lọ́sàn-án, ìjì tó ń ṣáájú òjò sì lè dé lójijì. Ọkọ̀ tó bá yín mu ní aago mẹ́wàá àárọ̀ lè má bá yín mu mọ́ ní aago mẹ́ta ọ̀sán.

Àwọn ọkọ̀ tí a gbé yẹ̀ wò nìwọ̀nyí.

Mirror ni àkọ́kọ́. Jack Holt àti Barry Bucknell ló ṣe é ní Ìlú Ọba ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1960 sí 1969, pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n sì fi ń kàn án kí ará ilé lásán lè kàn án fúnra rẹ̀. Mítà 3.3 ni gígùn rẹ̀, ara rẹ̀ kò tó kílò 46. Àgbà kan àti ọmọ kan ló tọ́ sí. Fún kílò 140 tó fẹ́ díje, ó kéré.

Ọkọ̀ 420 tẹ̀ lé e, tí Christian Maury yà ní Faransé ní 1959. Mítà 4.2 ni, nǹkan bíi kílò 80. Àwọn ọ̀dọ́ ló fi ń kọ́ṣẹ́ káàkiri ayé, ìwọ̀n ara ọ̀dọ́ ló sì gbà.

Snipe dàgbà ju gbogbo wọn lọ. William Crosby yà á ní Amẹ́ríkà ní 1931. Mítà 4.72, kílò 173. Kò ní trapeze, ìyẹn wáyà tí wọ́n fi ń so ènìyàn mọ́ òpó kó lè dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ pátápátá, kò sì ní spinnaker, ìgbòkun ràgàjì tó máa ń wú bíi bàlúù níwájú. Ìwọ̀n wa bá a mu, tọkọtaya púpọ̀ ló sì ń wà á. Ìṣòro rẹ̀ ni ìwúwo nígbà tí ẹ bá ń fà á gòkè láti inú omi.

470 ni ọkọ̀ ẹlẹ́ni méjì tó lórúkọ jù. André Cornu, ará Faransé, ló yà á ní 1963. Mítà 4.70 ni, ara rẹ̀ sì wọn kílò 120. Ó wọ Òlíḿpíìkì ní 1976. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọkùnrin ń bá ọkùnrin díje, obìnrin ń bá obìnrin díje. Ní Òlíḿpíìkì Paris ní 2024, tí wọ́n ṣe ti ọkọ̀ ní Marseille, wọ́n sọ ọ́ di ọkùnrin kan àti obìnrin kan nínú ọkọ̀ kan. Ó ní trapeze kan àti spinnaker.

Èyí tó kẹ́yìn ni Hobie 16, tí Hobie Alter gbé jáde ní California ní nǹkan bí 1970. Ara rẹ̀ pín sí méjì bí ìbejì, aṣọ líle kan ni wọ́n sì ta sáàárín fún ìjókòó. Mítà 5.05 ni gígùn, mítà 2.41 ni fífẹ̀, kílò 145. Kò ní pátákó àárín. Ẹ̀gbẹ́ ìta ara kọ̀ọ̀kan tẹ́ ju ẹ̀gbẹ́ inú lọ, bí wọ́n ṣe gé e bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ pátákó. Nínú ìdíje àgbáyé rẹ̀, ìwọ̀n ènìyàn méjèèjì kò gbọ́dọ̀ dín sí kílò 129, ẹni tó bá dín á ru ẹrù kún un. Àwa wọlé pẹ̀lú kílò 11 lókè.

Ta ni kó tukọ̀?

Ibi tí ìjíròrò ti gbóná nílé wa nìyí. Nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ni méjì, ẹnì kan ló ń di ìtọ́kọ̀ mú. Ẹnì kejì ló ń mú ìgbòkun iwájú, òun ló sì ń so ara rẹ̀ mọ́ trapeze. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí a bá sọ̀rọ̀ kò tilẹ̀ béèrè. Wọ́n ti gbà pé ọkọ ni yóò tukọ̀, ìyàwó ni yóò máa gbọ́ àṣẹ.

Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n wò. Ká fojú bù ú pé nínú 470, ẹni tó jókòó tó tẹ ara sẹ́yìn wà ní mítà 1.2 sí àárín ọkọ̀, ẹni tó wà lórí trapeze sì wà ní mítà 2.

Bí ọkọ mi bá tukọ̀ tí mo wà lórí trapeze: 82 × 1.2 jẹ́ 98.4, 58 × 2 jẹ́ 116. Àpapọ̀ jẹ́ 214.4.

Bí mo bá tukọ̀ tí ọkọ mi wà lórí trapeze: 58 × 1.2 jẹ́ 69.6, 82 × 2 jẹ́ 164. Àpapọ̀ jẹ́ 233.6.

Ènìyàn méjì kan náà, ọkọ̀ kan náà, ọjọ́ kan náà. Ìyípadà àyè nìkan ló fi ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún kún agbára tó ń dì wá mú. Ọkọ mi ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Ìyá Ìbejì, o ti kọ́ àwọn ọmọ Okokomaiko ní físíìsì tán, ó wá kan èmi. Ṣé èmi ni kí n wá máa so rọ̀ bí àdán?" Mo ní, "Bàbá Ìbejì, kì í ṣe èmi ló sọ ọ́. Òṣùwọ̀n ló sọ ọ́."

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé nọ́ńbà kan ti parí ẹjọ́. Ní Marseille, wúrà 470 lọ sọ́dọ̀ Lara Vadlau àti Lukas Mähr láti Austria, Vadlau obìnrin ló sì tukọ̀. Fàdákà lọ sọ́dọ̀ Keiju Okada àti Miho Yoshioka láti Japan, ọkùnrin ló tukọ̀ tiwọn. Ọ̀nà méjèèjì ló ń dé ibẹ̀. Ohun tí ìṣirò ṣe ni pé ó yọ àṣà kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà, ó sì dá a padà sórí ìwọ̀n àti ìmọ̀ọ́ṣe.

Nínú Hobie 16, ìyàtọ̀ náà tún kéré sí i. Ibi tí ọkọ̀ yìí ti ń yí ni ara rẹ̀ tó wà lábẹ́ afẹ́fẹ́. Ká ní àwa méjèèjì jókòó ní mítà 2.2 sí ibẹ̀: 140 × 2.2 jẹ́ 308. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀, kílò 145, wà ní nǹkan bíi mítà 1.05: ìyẹn fi 152 kún un. Àpapọ̀ jẹ́ 460, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan trapeze. Bí ẹnì kan bá wá bọ́ sórí wáyà, tó fi mítà 0.9 jìnnà sí i, èmi á fi 52 kún un, ọkọ mi á fi 74. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín 512 àti 534 jẹ́ ìdá mẹ́rin péré nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n jù tukọ̀.

Ta la fẹ́ bá díje?

Ọkọ̀ tó dára jù lágbàáyé kò wúlò fún ìdíje bó bá jẹ́ òun nìkan ló wà lórí omi. Bí gbogbo ọkọ̀ bá jẹ́ oríṣi kan náà, ẹni tó kọ́kọ́ dé ló borí, ọ̀rọ̀ sì ti tán. Bí oríṣi wọn bá yàtọ̀, wọ́n á fún oríṣi kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, wọ́n á pín àkókò tó lò sí nọ́ńbà náà, wọ́n á sì fi 1000 sọ ọ́ di púpọ̀. Ìlànà Portsmouth ti Ìlú Ọba nìyẹn. Bí ọkọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1000 bá lo ìṣẹ́jú 60, ó gba 60. Bí ọkọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1100 bá lo ìṣẹ́jú 65, 65 ÷ 1100 × 1000 jẹ́ 59.1. Ẹni tó dé lẹ́yìn ló borí. Ó bá òfin mu, ṣùgbọ́n kì í dùn mọ́ni bí ìgbà tí imú ọkọ̀ yín bá yọ níwájú ti ẹlòmíràn.

Ní Èkó, ibi tí a ti lè rí irú ìdíje bẹ́ẹ̀ ni Lagos Yacht Club ní Onikan, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1932. Oríṣi ọkọ̀ tí wọ́n mọ̀ níbẹ̀ ni Lightning, tó ń gba ènìyàn mẹ́ta, Laser, tó jẹ́ ti ẹnì kan, Tarpon, àti Hobie 16. A kò lè kó ọkọ̀ sẹ́yìn ilé ní Ìbà ká máa wọ́ ọ lọ bọ̀ lórí títì Badagry. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wà níbi tí omi wà, àwa la máa lọ bá a. Láti ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án 2023 tí ọkọ̀ ojú irin Blue Line ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Mile 2 dé Marina, ìrìn náà kò burú mọ́: dáńfó láti Ìyànà-Ìbà dé Mile 2, ojú irin dé Marina, ó kù díẹ̀.

Ẹnìkan lè béèrè pé, omi Ọ̀jọ́ ńkọ́? Láti 1984 tí koríko omi tó ń léfòó ti gba ọ̀sà Badagry wọ Èkó, ó máa ń bo omi ní àkókò òjò, ó sì máa ń kú bí iyọ̀ òkun bá padà wọlé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Pátákó àárín ọkọ̀ á máa gbá a jọ bí ìgbálẹ̀. Hobie 16 kò ní pátákó, ìtọ́kọ̀ rẹ̀ méjèèjì sì máa ń ta sókè bó bá kan nǹkan. Ó rọrùn fún omi tí kò jìn.

Bó bá dojú dé ńkọ́?

Ìyá ọkọ mi gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa wọ ọkọ̀ kan ṣoṣo? Bó bá dojú dé, ta ni kí n ké sí? Ta ni yóò tọ́jú àwọn ọmọ?" Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Màmá, ìbéèrè yín ló ṣe kókó jù nínú gbogbo ohun tí a ti ń sọ." Òótọ́ sì ni. Nínú gbogbo ìṣirò wa, kò sí èyí tó tó ìyẹn.

Ọkọ̀ ìdíje kékeré máa ń dojú dé. Kì í ṣe jàǹbá, ara eré náà ni. Ohun tó yẹ ká béèrè ni bí yóò ṣe dìde. 470 tó dùbúlẹ̀, ẹnì kan á gun pátákó àárín, á tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ á dìde. Hobie 16 yàtọ̀. Ìdúró rẹ̀ le gan-an títí dé ààlà kan, bó bá kọjá ibẹ̀ kì í ṣojú àánú. Kò sí pátákó tí ẹ máa gùn. Ẹ ó di okùn mú, ẹ ó fẹ̀yìn tì sórí omi, ìwọ̀n ara yín ni yóò fà á dìde, ó sì fẹ́ tó nǹkan bíi kílò 130 láti ṣe é. Ọkọ mi nìkan, pẹ̀lú 82 rẹ̀, kò lè gbé e. Èmi kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn. Àwa méjèèjì pọ̀, 140, a lè gbé e, àlékún rẹ̀ kò sì pọ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọkọ̀ yìí kò gba pé kí ẹnikẹ́ni nínú wa dá wà á, kò sì gba pé kí ẹnì kan rẹ̀ ẹ́ kó má sọ fún ẹnì kejì.

Nítorí náà a kọ ìlérí sílẹ̀ fún Màmá. Àkọ́kọ́, àwa méjèèjì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ tinútinú kí a tó san owó ọkọ̀ kankan. Èkejì, life jacket á wà lára wa láti orí ilẹ̀, kì í ṣe nígbà tí ìjì bá dé. Ẹ̀kẹta, a kò ní í wọ omi níbi tí kò sí ọkọ̀ ẹ̀rọ tó lè wá gbé wa. Ẹ̀kẹrin, bí ojú ọ̀run bá ṣú, a ti ń darí wálé. Ẹ̀karùn-ún, a ó mọ̀ọ́mọ̀ yí ọkọ̀ náà dànù létí omi, níbi tí omi ti tù, a ó sì gbé e dìde títí ọwọ́ wa á fi mọ́ ọn. Màmá ní kí n ka ẹ̀karùn-ún fún wọn lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní ká máa lọ kọ́ ìwẹ̀ ná.

Ohun tí a fẹnu kò sí

Hobie 16 la mú. Kì í ṣe torí pé ó sáré jù. Ìwọ̀n wa bá a mu, irú rẹ̀ wà ní Èkó fún wa láti bá díje, kò kórìíra omi tí kò jìn, àyè ẹni tó ń tukọ̀ kò sì di ọ̀rọ̀ kílò nìkan. Bí ó bá jẹ́ pé àpapọ̀ wa jẹ́ 115, ohun mìíràn ni ǹ bá kọ síbí. 470 ì bá sàn fún wa nígbà náà, nítorí a kì bá lè gbé Hobie dìde.

Tòkunbọ̀ la máa rà, a ó sì bá tọkọtaya mìíràn pín owó rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fi àtàńpàkò tẹ òkè ara ọkọ̀ méjèèjì, pàápàá níwájú òpó. Bó bá ń rọ̀ wọlé, inú rẹ̀ ti yapa, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ wo wáyà tó di òpó mú bóyá ó ti dípẹtà tàbí okùn rẹ̀ kan ti já. Ẹ fa aṣọ ìjókòó, ẹ wo ojú rírán rẹ̀, nítorí oòrùn Èkó ń jẹ okùn ju omi lọ.

Ní ti ìtọ́kọ̀, a fún ara wa ní oṣù mẹ́ta. A ó máa gba ipò lọ́wọ́ ara wa, a ó sì máa kọ àkókò sílẹ̀. Ẹni tí àkókò rẹ̀ bá dára jù ni yóò tukọ̀ ní ọjọ́ ìdíje, ẹnì kejì á sì gba trapeze láìbínú.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

1. Tọkọtaya kan wọn kílò 64 àti 70. Ẹ ṣe ìṣirò mómẹ́ńtì wọn nínú 470 ní ọ̀nà méjèèjì. Ṣé ìyàtọ̀ náà tó ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ jiyàn?

2. Bí afẹ́fẹ́ bá kúrò ní kìlómítà 15 ní wákàtí kan tó di 30, ìlọ́po mélòó ni agbára rẹ̀? Kí ni tọkọtaya náà lè ṣe sí ìgbòkun wọn?

3. Ọkọ̀ kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1050 lo ìṣẹ́jú 63. Ìṣẹ́jú mélòó ni ọkọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 950 gbọ́dọ̀ lò kí wọ́n tó dọ́gba?

Ẹ fi ìdáhùn ránṣẹ́ sí olóòtú. Ẹni tó bá gba ẹ̀kẹta láìlo kọ̀ǹpútà, mo jẹ ẹ́ ní ẹja yíyan kan ní èbúté Ọ̀jọ́.